Ẹ́ńjìnnì tó ń kú lójú omi Aṣẹ́jìrẹ́: ṣé kábúrétọ̀ ni lóòótọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, Aṣẹ́jìrẹ́ ni mo ti ń pẹja. Yamaha 15 ni ẹ́ńjìnnì mi, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Tí mo bá fà á láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dáhùn. Tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ti fún un níná dáadáa kí n lè tètè dé ibi tí mo dẹ àwọ̀n sí, tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á kú. Tí mo bá jókòó tì í díẹ̀, á tún dáhùn bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti tú kábúrétọ̀ yìí tí wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹni tó kẹ́yìn ní kí n lọ ra tuntun ní Gate, owó rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n yá owó ni? Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àjẹ̀ ni mo fi wa ọkọ̀ padà sí èbúté. Kí n tó dé, oòrùn ti ba epìyà tí mo pa jẹ́."

* * *

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Má yá owó. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tú kábúrétọ̀ yẹn, ìyẹn ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò kí wọ́n tó wọnú ẹ́ńjìnnì, títí wàá fi dá mi lóhùn lórí nǹkan mẹ́ta. Nígbà tó kú, báwo ni bọ́ọ̀bù ọwọ́ ṣe rí, ìyẹn rọ́bà roboto ara họ́òsì tí o máa ń fún kí o tó fa ẹ́ńjìnnì: ṣé ó le, ṣé ó rọ̀, àbí ó ti fà wọlé pẹlẹbẹ? Kí lo ń gbé epo sí, ṣé táǹkì tó bá ẹ́ńjìnnì wá ni àbí kẹ́ẹ̀gì? Kó tó kú, ṣé omi ṣì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ?

Ìdí tí mo fi ń béèrè rè é. Ìdọ̀tí tó dí jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, kì í wo aago. Tó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì ńlá ló dí, gẹ́rẹ́ tí o bá fún un níná ló máa hàn, kò ní dúró di ìṣẹ́jú kẹwàá. Tó bá sì jẹ́ pé epo ò ráyè gba ojú abẹ́rẹ́ tó ń ṣí ọ̀nà epo tó sì ń tì í wọnú kábúrétọ̀, ìwọ̀nba tó wà nínú abọ́ fílóòtì, ìyẹn abọ́ kékeré tí epo ń dúró sí nínú kábúrétọ̀, ni ẹ́ńjìnnì máa jó tán, kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣe é, tó tún ń tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tí o bá jókòó tì í, ohun tó ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ ni. Nínú irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, méjì ni mo sábà máa ń bá: ooru, tàbí táǹkì tí kò rí atẹ́gùn fà sínú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ́ńjìnnì 15 tó ń jẹ epo pẹ̀lú ọ́ìlì, tí o bá ṣí i tán, á jẹ tó lítà 6 ní wákàtí kan, nígbà mìíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú 10, lítà kan ti jáde nínú táǹkì. Atẹ́gùn lítà kan gbọ́dọ̀ wọlé gba àyè rẹ̀. Tí kò bá rí ibi gbà wọlé, pọ́ǹpù epo á máa fà síwá, táǹkì á máa fà á padà sẹ́yìn. Tó bá yá, pọ́ǹpù á jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí rọ́bà tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o bá wá jókòó, atẹ́gùn á máa jò wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ibi tó bá rí, táǹkì á sinmi, ẹ́ńjìnnì á tún dáhùn. Tó bá sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, epo tó ń jẹ kéré, ìwọ̀nba atẹ́gùn tó ń jò yẹn á tó o. O rí i pé gbogbo ohun tí o ròyìn ló bá a mu.

Mi ò tíì sọ pé òun ni o. Dá mi lóhùn ná.

* * *

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìdáhùn mi ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí àbúrò wa tó dáhùn. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé kábúrétọ̀ tó bá ti gbó kì í gbọ́ àtúnṣe, kí ó ra tuntun kó fọkàn balẹ̀. Àwọn mìíràn ní tuntun tó wà níta báyìí kò ṣe é gbára lé, tòkunbọ̀ ni kó rà. Wọ́n wá ń bára wọn jiyàn lórí èwo ló dára jù nínú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá kábúrétọ̀ ló jẹ̀bi.

Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Irin ni kábúrétọ̀. Ohun tó ń gbó lára rẹ̀ kò pọ̀: abẹ́rẹ́ àti ìjókòó rẹ̀, fílóòtì, gáskẹ́ẹ̀tì, àti àwọn òrúka rọ́bà. Gbogbo wọn ni o lè rí rà lọ́tọ̀. Tí ara irin rẹ̀ kò bá tíì ya, tí ìpẹta kò sì tíì jẹ ihò inú rẹ̀, kò sí ìdí láti sọ ọ́ nù.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lórí omi Eléyẹlé, ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kó àwọn tó ń tú ewéko orí omi kúrò gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá fún mi. Ó ní ó ń kú. Mo fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ó padà lọ́jọ́ kẹta. Mo tún fọ̀ ọ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo fọ kábúrétọ̀ yẹn, ó sì sanwó fún mẹ́ta nínú rẹ̀. Ní ìgbà kẹrin, mo bínú yọ họ́òsì rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ là á láti òkè délẹ̀. Awọ inú rẹ̀ ti bó kúrò lára ti ìta. Bí epo bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, awọ yẹn á sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí epo bá ń sáré, á dìde, á dí ọ̀nà bí ilẹ̀kùn. Lójú ẹni tó bá wo họ́òsì yẹn láti ìta, tuntun ni. Mo dá owó iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún un, ó sì dùn mí dọ́kàn pé mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àtìgbà náà ni mo ti pinnu pé ọwọ́ mi ò ní kan kábúrétọ̀ ẹnikẹ́ni kí n tó tẹ̀ lé epo láti táǹkì wá.

* * *

Àbúrò, kí o má bàa dúró dè mí, ohun tí wàá ṣe nìyí. Mú ẹnì kan dání tó mọ ọkọ̀ ọ́ wà, kí ẹ̀yin méjèèjì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ẹ má lọ jìnnà sí èbúté, kí ẹ sì mú àjẹ̀ dání. Kí ó ṣí ẹ́ńjìnnì tán. Kí ọwọ́ rẹ wà lára bọ́ọ̀bù.

Gẹ́rẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wo bọ́ọ̀bù kí o tó fún un. Tó bá ti fà wọlé pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ níhà táǹkì ni ìdènà wà: ojú atẹ́gùn, asẹ́ tó wà nídìí ọ̀pá inú táǹkì, tàbí họ́òsì. Ṣí ìdérí táǹkì lójú ẹsẹ̀. Tí o bá gbọ́ "ṣííì", tí ẹ́ńjìnnì sì gba ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Tí bọ́ọ̀bù bá rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò pẹlẹbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Tí ẹ́ńjìnnì bá tún gbéra nítorí pé ọwọ́ rẹ ń ṣe iṣẹ́ pọ́ǹpù, a jẹ́ pé rọ́bà inú pọ́ǹpù epo ti ń ya tàbí ti le, tàbí pé atẹ́gùn ń wọlé níbi ìsopọ̀ họ́òsì. Lórí ẹ́ńjìnnì kékeré mìíràn, ara kábúrétọ̀ gan-an ni wọ́n lẹ pọ́ǹpù yìí mọ́, òun ló fi jẹ́ pé àwọn mẹkáníìkì máa ń fọ kábúrétọ̀ láìwo pọ́ǹpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn.

Tí bọ́ọ̀bù bá le gan-in tí ẹ́ńjìnnì sì ń kú lọ, nígbà yẹn la tó lè máa wo abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì, tàbí iná. Ìgbà yẹn gan-an, kò tíì dé.

Ohun kan tún wà. Wo àmì ọfà ara bọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Mo ti rí èyí tí wọ́n yí sódì rí, ẹni tó ni ín sì ti ra pọ́ǹpù tuntun nítorí rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ní iná ni, kì í ṣe epo. Ó ní kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná, tó bá ti ń bàjẹ́ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó bá tutù, tó bá gbóná á kọṣẹ́, tó bá tún tutù á padà sẹ́nu iṣẹ́. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ ọ́, nítorí ohun tí mo pè ní ooru lókè nìyẹn. Ìyàtọ̀ wọn rọrùn láti mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí epo ń pa máa ń rọra kú: á wúkọ́, á rẹlẹ̀, á tún gbéra díẹ̀, á rẹlẹ̀. Èyí tí iná ń pa sábà máa ń gé wọ́ọ́, bí ẹni pa á lẹ́nu. Bákan náà, tó bá ń rẹlẹ̀, fa ṣóòkù, èyí tó ń dín atẹ́gùn kù kí epo lè pọ̀ sí i, díẹ̀. Tó bá gbéra, epo ló ń wá. Tí ṣóòkù kò bá ṣe nǹkan kan tàbí tó mú un burú sí i, yọ pílọ́ọ̀gì, fi ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí epo, kí o fà á wò bóyá iná funfun tó mọ́ ń tà. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń sùn sí, nítorí náà má dán èyí wò bí epo bá ti dà sínú ọkọ̀.

* * *

Wọ́n tún ní omi ló wà nínú epo rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ní tòótọ́, láti ìgbà tí owó epo ti gbéra sókè lẹ́yìn May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, mo ti rí àwọn apẹja tó ń ra epo lẹ́bàá ọ̀nà nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọn ò mọ ibi tó ti wá, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú epo oṣù méjì-mẹ́ta torí wọ́n bẹ̀rù pé yóò tún wọ́n. Epo tó bá ti pẹ́ máa ń di gọ́ọ̀mù pupa nínú kábúrétọ̀. Omi sì máa ń wọ kẹ́ẹ̀gì tí kò kún, nítorí ìrì òru máa ń dì sára ògiri rẹ̀ lábẹ́nú.

Bí o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: bu epo láti ìdí kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò funfun tó mọ́ gaara, gbé e sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí láìfọwọ́ kàn án. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, á sùn sísàlẹ̀, wàá rí ìlà tó pín wọn. Fún kẹrosíìnì, ro ẹ̀kán epo tí o kò tíì po ọ́ìlì sí sórí ìwé funfun. Bẹntiróòlù á gbẹ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Kẹrosíìnì á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀ tí yóò pẹ́ kó tó lọ. Má fẹnu fa epo nítorí ìyẹn o. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àwọn tó rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2022 mọ ohun tí epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe fún wa. Ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé irú epo bẹ́ẹ̀ ti wọlé. Mẹ́táńọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra, ó ń mú rọ́bà wú, ó sì nílò jẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ju ti bẹntiróòlù lọ. Tí jẹ́ẹ̀tì rẹ bá wà bó ṣe wà, epo tó ń dé inú ẹ́ńjìnnì á kéré sí ohun tó yẹ, á gbóná. Ọ̀pọ̀ họ́òsì àti dáyáfírámù (rọ́bà tín-ín-rín inú pọ́ǹpù epo) tó bàjẹ́ ní ọdún yẹn, kábúrétọ̀ ni wọ́n fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn.

Àmọ́ kì í ṣe omi ni mo fura sí lọ́dọ̀ àbúrò wa yìí. Omi inú epo kì í dúró de ìgbà tí o bá sáré. Nígbàkigbà tó bá dé ojú jẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣe é.

* * *

Ó ti dáhùn. Ẹ gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ẹ̀gì ni mò ń lò, táǹkì rẹ̀ ti jò tipẹ́. Mo lu ìdérí kẹ́ẹ̀gì, mo ki họ́òsì bọ̀ ọ́, mo sì fi gọ́ọ̀mù dí i. Mo tún fi nylon sábẹ́ ìdérí kí ó má bàa máa jò nínú ọkọ̀. Omi ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì dáadáa. Mi ò wo bọ́ọ̀bù rí."

Àbúrò mi, nylon yẹn! Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo ilé ní Ìbàdàn tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ ló ń fi nylon sábẹ́ ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ó dára fún kẹ́ẹ̀gì tó wà ní ìgun ilé. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ́ńjìnnì ń fa epo nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní in. O ti dí imú àti ẹnu rẹ̀ pa pọ̀.

Má kàn yọ nylon kó o wá fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìgbì á da omi sínú rẹ̀, epo á sì máa dà sínú ọkọ̀. Lu ihò kejì sí ìdérí, kí o ki ọ̀pá kékeré kan bọ̀ ọ́, kí o so rọ́bà tín-ín-rín mọ́ ọn, kí o tẹ rọ́bà náà kọ kí ẹnu rẹ̀ máa wo ìsàlẹ̀, kí ó sì wà níbi tó ga, lẹ́yìn ọkọ̀. Atẹ́gùn á wọlé, òjò kò ní wọlé. Ìyẹn fún ìgbà díẹ̀ ni o. Tí owó bá dé, ra táǹkì tòkunbọ̀ tó ní sùkúrúù atẹ́gùn lórí ìdérí. Ó dín owó ju kábúrétọ̀ tí wọ́n ní kí o rà lọ, mo sì mọ̀ pé wàá rí i tí o bá fi sùúrù rìn káàkiri láàárín àwọn tó ń ta nǹkan ẹ́ńjìnnì ní Àrárọ̀mí, ní Gate.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló wá dá ìjà sílẹ̀. Mo béèrè irú ọ́ìlì tó ń lò, ó ní ọ́ìlì 40 tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò ni, àti pé òun máa ń fi kún un kí ẹ́ńjìnnì má bàa nọ́ọ̀kì. Mo ní kí ó fi sílẹ̀. Àwọn àgbà kan bínú sí mi. Wọ́n ní ọ́ìlì 40 làwọn bàbá àwọn lò láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù Aṣẹ́jìrẹ́, tí àwọn sì ń lò ó títí di òní.

Ẹ̀yin bàbá mi, mo gbọ́, n kò sì sọ pé ẹ́ńjìnnì yín kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni ohun tí mo ń bá nínú rẹ̀ nígbà tí mo bá tú u. Ọ́ìlì mọ́tò ní àwọn èròjà irin nínú tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ ń yí kiri láìjó. Nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo, jíjó ló máa jó, àwọn èròjà yẹn á di eérú. Eérú á lẹ̀ mọ́ orí písítìnì, á dí òrúka rẹ̀ mọ́ ibi tó wà, á sì bo ẹnu pílọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì tó ní àmì TC-W3 lára kì í fi irú eérú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà ló gbé òǹtẹ̀ náà kalẹ̀, fún ẹ́ńjìnnì tó ń fi omi tu ara rẹ̀ lára bíi tiwa yìí gan-an.

Èkejì, ọ́ìlì 40 nípọn, kò yára pò. Tí o kò bá mì ín títí tó fi pò dáadáa, á sùn sísàlẹ̀, ìdí kẹ́ẹ̀gì náà sì ni họ́òsì ti ń fà. Ẹ́ńjìnnì á mu ọ́ìlì ní àárọ̀, á wá mu epo lásán ní ọ̀sán. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí písítìnì gán.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá ń fi ọ́ìlì kún un kó lè dáa sí i, ó ń dín bẹntiróòlù tó ń gba jẹ́ẹ̀tì kọjá kù ni. Jẹ́ẹ̀tì kò fẹ̀ sí i. Tí ọ́ìlì bá gba àyè púpọ̀ nínú ohun tó ń kọjá, epo á dín, ẹ́ńjìnnì á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pílọ́ọ̀gì á sì dúdú.

Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, 50:1 ni, ìyẹn epo lítà 50 sí ọ́ìlì lítà kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìdajì lítà ọ́ìlì. Wo ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ tàbí àlẹ̀mọ́ ara rẹ̀ kó o tó tẹ̀ lé mi. Da ọ́ìlì sínú epo díẹ̀ ná, mì ín dáadáa, lẹ́yìn náà ni kí o da epo yòókù lé e. Má fi ìdérí ọ́ìlì wọ̀n ọ́n ní ìfojúdá. Wá ìgò tí o ti fàmì sí, kí o máa lò ó lójoojúmọ́.

Bàbá kan ní TC-W3 wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Písítìnì wọ́n jù ú lọ.

* * *

Ẹnì kan tún ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé láti Èkó wá kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní Ìbàdàn nítorí pé ìlú wa wà lórí òkè, kí wọ́n pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Ìbàdàn ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 200 àti díẹ̀. Atẹ́gùn kò fi ju ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ níbí. Ẹ́ńjìnnì rẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

* * *

Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bíi pé kábúrétọ̀ kì í bàjẹ́ láéláé. Ó ń bàjẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan pẹ̀lú epo nínú, tó sì wá ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí o bá fa ṣóòkù, tàbí tó ń kú nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n tó ń sáré dáadáa, jẹ́ẹ̀tì kékeré ti dí. Tí epo bá ń ṣàn jáde lára kábúrétọ̀ nígbà tí o bá ń fún bọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ kò jókòó dáadáa mọ́, tàbí epo ti wọnú fílóòtì. Yọ fílóòtì, mì ín létí. Tó bá ń ró pọ̀ṣọ́pọ̀ṣọ́, kò wúlò mọ́.

Bí o bá máa tú u, kó má jẹ́ nínú ọkọ̀. Tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Kí o tó yọ sùkúrúù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rọra yí i wọlé kí o ka iye ìgbà tó yí kó tó jókòó, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo èyí, òun ló sì ń fa wàhálà tó kẹ́yìn.

Nípa wáyà: mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní wáyà inú kébù rọ̀, kò lè ṣe nǹkan kan. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ihò rẹ̀ kò tó ìlàjì mílímítà nígbà mìíràn. Ohun tó bá fá a lára díẹ̀ ti yí ìwọ̀n epo padà títí láé, ojú rẹ kò sì ní rí i. Tí o kò bá ní nǹkan mìíràn, ẹyọ ìgbálẹ̀ tó rọ̀ sàn jù. Èyí tó dára jù ni kí o rẹ ẹ́ sínú omi ìfọ-kábúrétọ̀ mọ́jú, kí o wá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà tó bá sún mọ́ ọ, kó fi atẹ́gùn ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ gbogbo ihò náà. Mo máa ń fún wọn ní owó díẹ̀, wọn kì í bá mi jiyàn. Bo ojú rẹ, kí omi yẹn má ta sí i. Gbé ihò kọ̀ọ̀kan sí oòrùn lẹ́yìn náà. Tí o bá rí ìmọ́lẹ̀ tó yípo rogodo, ó mọ́.

Gáskẹ́ẹ̀tì tó ti ya, má fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù rọ́pò rẹ̀. Epo máa ń jẹ ẹ́, àwọn ègé rẹ̀ ló sì máa dí jẹ́ẹ̀tì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

* * *

Kí á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó jó epo inú kábúrétọ̀ tán kí á tó gbé e pamọ́, ṣé ó dára? Ìbéèrè tó dára nìyí, ojú àwọn mẹkáníìkì kò sì ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan ń yọ họ́òsì, wọ́n á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀ ni pé epo ló ń gbé ọ́ìlì wá. Bí epo bá ń tán, ọ́ìlì náà ń tán, ẹ́ńjìnnì sì ṣì ń yí. Ó tún máa ń ṣẹ́ku díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́. Èmi máa ń pa á, mo máa ń tú sùkúrúù tó wà nídìí abọ́ fílóòtì, mo máa ń fi agolo gba epo rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹni tó bá fẹ́ jó o tán, kí ó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́, kí ìdí ẹ́ńjìnnì sì wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi, kí rọ́bà tó ń fa omi tutù sókè má bàa jóná.

* * *

Ó ti padà láti ojú omi: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe ojú atẹ́gùn sí kẹ́ẹ̀gì. Inú mi dùn, ó gbé mi dé ìdí àwọ̀n. Àmọ́ nígbà tí mò ń bọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo wo bọ́ọ̀bù, ó ti fà wọlé. Mo ṣí ìdérí, kò sí 'ṣííì' kankan. Mo fọwọ́ kan họ́òsì láàárín kẹ́ẹ̀gì àti bọ́ọ̀bù, ó ti pẹlẹbẹ bí ìgbànú."

O ṣeun tí o wò ó. Họ́òsì jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tà fún ọ, èyí tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Lára jẹnẹrétọ̀, epo ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láti òkè, kò sí ohun tó ń fa họ́òsì. Lára ọkọ̀ rẹ, pọ́ǹpù ló ń fà á. Nígbà tí oòrùn bá mú un rọ̀, á pa ẹnu dé. Àìsàn méjì ló wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nylon ló kọ́kọ́ ń pa á kí èkejì tó ráyè. Wá họ́òsì ọkọ̀ ojú omi tí ògiri rẹ̀ nípọn. Kí o tó sanwó, fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: ó gbọ́dọ̀ ta kò ọ́. Fi kílíìpù irin de ẹnu rẹ̀ méjèèjì, má fi wáyà de é, nítorí wáyà máa ń fi ibi kan sílẹ̀ tí atẹ́gùn á gbà wọlé.

* * *

Ọjọ́ kẹrin rèé, ó ní ẹ́ńjìnnì náà lọ ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láìwúkọ́. Ohun tó kù ni pé tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí, ó ń gbọ̀n, èéfín rẹ̀ sì pọ̀.

Àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta yẹn ni. Nígbà tí epo kò dé dáadáa, wọ́n yí sùkúrúù ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ kí epo lè pọ̀ sí i. Epo ti wá ń dé báyìí, ó wá pọ̀ jù. Rọra yí sùkúrúù yẹn wọlé títí á fi jókòó, má fi agbára tẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ máa ń ṣẹ́. Yí i jáde ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Lọ sójú omi, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí o wá máa yí i ní ìdá mẹ́rin ìlọ́po, síhìn-ín, sọ́hùn-ún, kí o máa dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó o tó tún yí i. Ibi tó ti ń yí geere láìgbọ̀n, tó sì ń gbéra lójú ẹsẹ̀ tí o bá fún un níná, ibẹ̀ ni kí o fi sí. Fi ọ̀dà funfun fàmì sórí rẹ̀ àti sí ara kábúrétọ̀ níbi tí wọ́n ti kojú ara wọn, kí ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn èyí lè dá a padà síbi tó wà.